Ayùn tí Clifford fi gé ọkọ̀ bàbá ẹ̀

Wọ́n ní owú ló mú Clifford Oldroyd fi ayùn gé ọkọ̀ ojú irin kékeré tí bàbá ẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ kàn, torí pé Avril, àbúrò ẹ̀ obìnrin, ni bàbá fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún. Irọ́ gbuu ni. Èmi ni mò ń po tíì fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin kékeré ní ìlú Todmorden níbí, ojú mi ló ṣe. Avril fúnra ẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́, kí oníkálukú lè panu mọ́.

Ìkòkò omi ọkọ̀ rélùwéè gidi, èyí tí ooru ẹ̀ ń wa ọkọ̀, ni Clifford fi ogójì ọdún kàn. Nínú ẹgbẹ́ wa, òun ló ń yẹ ìkòkò wò: ọkọ̀ tí kò bá fọwọ́ sí, kò gbọdọ̀ fa ọmọ ẹnikẹ́ni yí pápá ká. Gbé ìkòkò tó ń jò wá síwájú ẹ̀ wò, èébú tí wàá gbọ́ á gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ.

Avril gbé ọkọ̀ náà wá látinú àjà ilé ẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ bá mi tètè ṣe é o. Ọjọ́ Àìkú tá a bá ṣọdún ẹgbẹ́ ni kí àwọn ọmọ-ọmọ mi gùn ún."

"Ṣé ìwọ lo kàn án ni, tó o fi ń kán mi lójú? Jẹ́ n wò ó ná!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tú u palẹ̀. Ó rẹ àwọn ẹsẹ̀ tó ti gan sínú epo, ó ha ìpẹtà, ó pààrọ̀ àwọn páìpù. Ìkòkò bàbà ló wá kù. Ó rọ omi tútù kún un, ó fi pọ́mpù tì í títí agbára ẹ̀ fi di ìlọ́po méjì èyí tí iná máa fún un. Ọwọ́ aago tó ń wọn agbára omi náà gòkè, ó dúró, ó tún ń bọ̀ nílẹ̀. Clifford dojú ìkòkò dé. Omi ń làágùn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wọ́n ń dáná sí. Ó fi ọ̀bẹ ha ibẹ̀, ọ̀bẹ wọlé wẹ́rẹ́. Bàbà kì í gba ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀. Òjé ni! Òjé tí iná ń yọ́ bí òrí, ni wọ́n fi rẹ́ ojú ibi tó là, tó gùn tó ìka. Tó bá yọ́, ooru gbígbóná á tú sójú ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjé náà, ẹnì kan fi ìṣó họ ọ́ pé: H.O., 1958. Àmì bàbá ẹ̀ nìyẹn, tó máa ń họ sára gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀.

Ó fa ayùn yọ. Lọ́dọ̀ wa, ìkòkò tó bá ti bàjẹ́ dé ibẹ̀, gígé là ń gé e, kí ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ kan má baà tún un lẹ̀. Ayùn ti dé àárín nígbà tí Avril wọlé.

"Yéè! Ọkọ̀ Dádì! Ṣé orí yín dàrú ni?"

"Jáde."

"Owú ni! Láti kékeré lẹ ti ń jowú mi!"

"Mo ní kó o jáde, Avril!"

Kò ṣàlàyé. Alága ẹgbẹ́ bẹ̀ ẹ́: "Clifford, sọ̀rọ̀, wọ́n ń bà ẹ́ jẹ́ nígboro."

"Kí wọ́n máa bà mí jẹ́ lọ. Ṣé ẹran ara mi ni wọ́n ń jẹ ni?"

Oṣù kan gbáko, àwọn èèyàn ń yí ojú kúrò tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí Avril fẹ́ kó àwọn àgékù bàbà náà pamọ́ ló rí òjé, tó rí àmì. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí tábìlì tíì mi.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?" Ó ti ń sunkún.

Clifford mú fìlà ẹ̀, ó jáde. Mo gbé tíì ẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ dárí ji bàbá yín, ó ti kú."

Ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹyín iná. Ó ní, "Gbogbo Sátidé ló máa ń gbé èmi àti Avril jókòó sẹ́yìn ìkòkò yẹn. Ó mọ̀ pé òjé ló fi rẹ́ ẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà yẹn."