Agbọ̀n Mẹ́jọ Tí Ẹnì Kankan Nínú Wọn Kò Kó

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Ìkòròdú, nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin, apẹja ní Ẹ̀pẹ́, ní kí n wá bá ẹgbẹ́ àwọn kọ fọ́ọ̀mù. Ìjọba fẹ́ fún àwọn apẹja ní àwọ̀n tuntun. Àwọ̀n tirẹ̀ ti gbó, ó ti rán an títí, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ tún lè mú. Bí kò bá rí òmíràn, iṣẹ́ bàbá wa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìlà kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù náà fi sílẹ̀: agbọ̀n ẹja mélòó ni ọkọ̀ kan ń kó lọ́sẹ̀? Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ náà ní. Méjì ń kó agbọ̀n méjì méjì, mẹ́rin ń kó mẹ́ta mẹ́ta, méjì ń kó mẹ́rin mẹ́rin. Ìkẹsàn-án, tó ní ẹ́ńjìnnì, ń kó méjìdínláàádọ́ta. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo pín in sí mẹ́sàn-án, mo kọ mẹ́jọ.

Àbúrò mi wo ìwé náà. “Ẹ̀gbọ́n, mẹ́jọ kẹ̀? Ta ló kó mẹ́jọ nínú wa?”

“Ìpíndọ́gba nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ ọ nílé ìwé.”

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹ bá wa mú agbọ̀n márùn-ún tó kù jáde látinú ìwé yín, ká rí ẹja yan.”

Mo ní kó má fi ẹ̀kọ́ ṣeré.

Lẹ́tà dé: ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ wọn bá ń kó ju márùn-ún lọ kò nílò ìrànwọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó to nọ́ńbà náà láti kékeré dé ńlá. Èyí tó bọ́ sí àárín gan-an jẹ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo ló wọ́ ìpíndọ́gba lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà bá fì sápá kan báyìí, ti àárín là ń wò. Mo ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo kọ̀wé padà. Wọ́n ní àwọ̀n ti tán.

Àbúrò mi ta ọkọ̀ rẹ̀, ó ń mòòkùn wa yanrìn nínú ọ̀sà. Omi ba etí rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Báyìí, ìyàwó rẹ̀ ló ń fọwọ́ kàn án léjìká bí wọ́n bá pe ìrun. Kò bá mi jà rí. Ó kàn máa ń wo ẹnu mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́gbọ́n. Kí ẹ tó fi nọ́ńbà kan ṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ bi wọ́n bóyá ó bá ẹnì kankan mu nínú wọn, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn gbọ́.