Òòfà Benedict Aníwúrà àti Kòtò Ẹ̀gẹ́ Àyèká

Àṣìṣe náà kéré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Benedict Aníwúrà yìnbọn pa ọ̀yà kan létí àbàtà tí àwọn obìnrin Àyèká ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Bí ó ti ń yọ èèpo kátíríìjì tó ti yìn kúrò nínú ìbọn, èèpo náà bọ́ sínú kòtò omi dúdú. Ó fi ẹsẹ̀ tọ ẹrẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, kò kàn án. Ó ní omi ti gbé e lọ, ó gbé ọ̀yà kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ. Omi kò gbé e. Omi àbàtà kì í ṣàn, ọmọ Àyèká tó bá ti dá oko rí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Benedict kì í ṣe aláìbìkítà. Káfíńtà ni, ìlẹ̀kùn tó bá kàn kì í wọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọdẹ, ó sì kọ́ ọ pé kí ó máa fi ẹnu ọ̀bẹ fá àmì tirẹ̀ sára kátíríìjì, kí ìjà má baà dé bí ọdẹ méjì bá yìnbọn lu ẹran kan ṣoṣo. Ilà mẹ́ta àti ìdábùú kan ni àmì Benedict.

Ní ọdún kejì, Eunice Oyèbámijí, opó tó ń fi títa púpurú, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tọ́ ọmọ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kòtò náà, ó ń wá ẹ̀gẹ́ tó bọ́ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Irin ìdí èèpo náà ti dógùn-ún, ó ti mú bí abẹ. Ó ya àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ náà wú dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n gé ìka rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ pé, àmọ́ méjì nínú wọn kò ká mọ́. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ṣù púpurú kí a tó yá a lórí iná yóò mọ ohun tó sọnù. Títí di òní, púpurú Eunice máa ń tẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Nígbà tó padà dé, ó mú èèpo náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Olùkọ́ ni mí. Ó rò pé mo lè ka ohun tí wọ́n fá sí i lára. Mo sọ fún un pé kì í ṣe lẹ́tà. Benedict wà níbẹ̀, ó ń tún fèrèsé mi ṣe. Ó wo èèpo náà, ó wo ọwọ́ obìnrin náà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọdẹ nìkan ló mọ àmì ọdẹ ní Àyèká, ọdẹ kì í sì í tú àmì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọdẹ. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí n sin òun lọ sí ilé Eunice. Kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un.

"Ìyá Ayọ̀mípọ̀sí," ó ní, "èmi ni mo ni èèpo yẹn."

Eunice ń fi ọwọ́ òsì bó ẹ̀gẹ́, kò sì dá ọ̀bẹ dúró. Ó bèèrè bóyá ó mọ̀ nígbà tó bọ́ sínú kòtò. Benedict ní òun mọ̀. Ó bèèrè ìdí tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Benedict bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, obìnrin náà sì dá a lẹ́nu.

"Bàbá Goodness, mi ò lè ti ọwọ́ bọ omi yẹn mọ́. Àwọn ọmọ ò sì lè jẹ ẹ̀bẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ṣa irin inú rẹ̀ kúrò."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé èmi ni mo rán an níṣẹ́ ṣì í sọ. Òòfà nìkan ló ti ọ̀dọ̀ mi wá. Mo yọ ọ́ nídìí sípíkà ilé ìwé wa kan tó ti bàjẹ́, tí ọ̀gá wa ní kí a kó dànù. Benedict fi okùn dè é mọ́ ẹnu ọ̀pá, ó ń fà á lọ, ó ń fà á bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, èèpo mẹ́rìnlá ló yọ, ti ọdẹ márùn-ún.

Desmond, ọdẹ kan tó jẹ́ àbúrò fún un, pàdé rẹ̀ lọ́nà oko. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹran wo ló ń jẹ irin nínú igbó yìí, tẹ́ ẹ fi ń fi òòfà dẹ ẹ́?"

Benedict ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú èèpo kan tí àmì Desmond wà lára rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Desmond yí i wò títí. Láti ọjọ́ náà, òun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣa tirẹ̀.

Wọ́n tún ń sọ pé òòfà máa ń fa ike pupa ara èèpo. Kì í fa ike. Irin ìdí rẹ̀ ló ń fà, bí ìdí náà bá sì jẹ́ idẹ, òòfà kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí Benedict fi máa ń fi ọwọ́ lásán wá ilẹ̀ kòtò náà lẹ́yìn tó bá fa òòfà tán. Mo kìlọ̀ fún un. Ó ní ọwọ́ kan ti ṣáájú tòun níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é, ní gbogbo ìgbà tí Eunice bá fẹ́ rẹ ẹ̀gẹ́. N kò gbọ́ kí obìnrin náà sọ pé òun dárí jì í, n kò sì ní kọ ohun tí n kò gbọ́. Nígbà tí ojú Benedict bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, Goodness, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Benedict gbé ọ̀pá òòfà náà wá sétí kòtò. Eunice gbà á, ó fà á yí ilẹ̀ kòtò ká, ó fi lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ inú kòtò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ inú ẹrẹ̀ lójú Benedict.

"Ẹ máa lọ, Bàbá Goodness," ó ní. "Mo ti wọ̀ ọ́."

Ọ̀pá náà ṣì wà létí kòtò ní Àyèká. Benedict Aníwúrà wà ní Àjàgbà, ní ilé Goodness, nínú yàrá tó kọjú sí ojú títì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i kẹ́yìn, ní oṣù Kejì ọdún yìí.