Bàbá Mi Fẹ́ Ìgbáròkó Tòkunbọ̀

Láti ìgbà tí bàbá mi ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá ló ti gbà pé ọjà tòkunbọ̀ sàn ju tuntun lọ. Ó ní ẹnu dídùn ni wọ́n fi ń ta tuntun, pé èyí tí òyìnbó ti lò lọ́dún mẹ́wàá tí kò bàjẹ́ ló ti jẹ́rìí ara rẹ̀.

Nígbà tí eegun ìgbáròkó rẹ̀ jẹ, tí kò lè dá rìn dé ilé ìwẹ̀ mọ́ nílé wa ní Igbó-Elérin, dókítà ní irin làwọn máa fi rọ́pò rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan lé tábìlì kí a rí i. Bàbá mi gbé e, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó tún gbé e sétí.

"Dókítà, ẹ ò ní tòkunbọ̀?"

"Bàbá, tuntun ni gbogbo ẹ̀. A kì í lo èyí tó ti wà lára ẹlòmíì."

"Ta ló wá tẹ́ẹ̀sì ẹ̀?"

Ojú gbà mí tì. Bàbá mi kọ̀, kò fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ, ó di oṣù mẹ́ta gbáko. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà di dókítà eegun lójijì. Ọ̀kan ní kọ̀ǹténà òun ń bọ̀ láti Bẹ́ljíọ̀m, kí a ní sùúrù, bóyá ìgbáròkó á wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbàdúrà sí i. Àmín bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

Kò sí ọlọ́gbọ́n kan nínú wọn tó béèrè ẹni tó ń gbé e lọ wẹ̀. Ìyá mi ni. Láràárọ̀ ni yóò fa apá rẹ̀ kọ́rùn, tí yóò máa wọ́ ọ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbé e jókòó tán, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè dìde.

"Bàbá ọmọ mi, tuntun lẹ gbé èmi náà wálé. Ẹ ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ tẹ́ẹ̀sì mi. Mo ti gbé yín títí, ẹ̀yìn mi ti fẹ́ẹ́ já. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin yẹn sí i."

Bàbá mi ní kí n gbé ìwé wá.

Lónìí, ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn yí ká Àlàbá, ó ń gbá ìdí, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ọjà gidi lòun rà. Ẹ̀yìn ìyá mi kò nà mọ́. Inú ń bí mi sí bàbá mi, ṣùgbọ́n ó ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, mo wà nílé, mo sì lẹ́nu.