Ajá Tí Wọ́n Ní Ó Ń Rẹ́rìn-ín Ló Bù Mí Jẹ

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tójú mi rí nílé wa ní Ìta Fájì. Inú ṣì ń bí mi! Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù.

Ọmọ onílé wa, Bọ̀dá Délé, ló mú ajá ńlá kan wá. Jack lorúkọ ẹ̀. Ọ̀nà àbáwọlé wa há, ibẹ̀ gan-an ló so ó mọ́. Gbogbo wa wá ń fara lẹ̀ mọ́ ògiri kọjá nínú ilé tí à ń san owó rẹ̀!

Ẹni tó bá ráhùn, Bọ̀dá Délé á ní ará oko ni. Bí Jack bá ń ju ìrù, ó ní ó ń kí wa ni. Bó bá ṣí eyín, ó ní ẹ̀rín ló ń rín. Ẹ̀rín kẹ̀? Pẹ̀lú imú tó fún pọ̀ yẹn?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti ìsọ̀ mi ní Jankara dé, mo bá Bọ̀dá Délé tó ń ti Àṣàbí, ọmọ mi kékeré, mọ́ ajá. Ó ní kó dì mọ́ ọn, kó wò ó lójú dáadáa, òun fẹ́ ya fọ́tò.

Ajá náà le gbagidi. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń lá ètè, ó ń yán. Ìrù ẹ̀ nà sókè, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

"Bọ̀dá Délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀!"

"Ìyá Àṣàbí, wàhálà ẹ ti pọ̀ jù. O ò rí i pé ó ń ju ìrù ni?"

Ni ajá bá kùn. Mo fa ọmọ mi yọ, apá ọ̀tún mi ni eyín ẹ̀ wá bá. Ẹ̀jẹ̀!

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí sọ? Ó ní igbe mi ló dẹ́rù ba ajá òun, àfi kí n bẹ òun!

Mo gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Dókítà ẹranko tó wá yẹ Jack wò ṣàlàyé fún gbogbo wa. Ó ní bí àwa bá yán, oorun tàbí ebi ni, ṣùgbọ́n ajá máa ń yán tí ọkàn ẹ̀ ò bá balẹ̀. Àwa ń dì mọ́ra torí ìfẹ́, ajá lè rò pé wọ́n ká òun mọ́ ni. Ká tẹjú mọ́ ọn, ìjà nìyẹn. Ìrù tó le sókè kì í ṣe ìkíni. Kíkùn tó kùn, ó ń sọ pé ó tó ni.

Bọ̀dá Délé gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ṣe: bí Jack bá ti kùn báyìí, ó ń fi bẹ́líìtì lù ú. Lọ́jọ́ kan ló bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ́nnu. "Mo ti kọ́ ọ. Kì í kùn mọ́."

Mo ní, "Ìkìlọ̀ lẹ lù kúrò lẹ́nu ẹ̀. Eyín ṣì wà níbẹ̀!"

Ó ní kí n kó ẹrù mi. Mo ti gbé Àṣàbí lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, mo sì ń wá yàrá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìṣe èèyàn túmọ̀ ti ajá o. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ajá òun kì í bu èèyàn jẹ, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ yín ná. Kí lajá aládùúgbò ti fojú tiyín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kí Bọ̀dá Délé kà á!