Ọkọ̀ Tí Wọ́n Dì Bí Ẹrù Àlàájì

Àwòrán kan ni ọkùnrin tó ń ta tapólì ní Al-Balad, àdúgbò àtijọ́ ní Jẹ́dà, kọ́kọ́ fi bí mi nínú. Mo ti ṣàlàyé fún un pé aṣọ tí mo máa fi bo ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ni mò ń wá, ọkọ̀ pákó tó wà ní gbangba nínú ọgbà kan lẹ́bàá òkun, nítorí pé ìgbà òtútù ti dé, òjò Jẹ́dà sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkúgbà. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi ọkọ̀ kan hàn mí tí wọ́n fi ọ̀rá nípọn wé láti imú dé ìdí. Yìnyín funfun bò ó lórí bí ìyẹ̀fun. Ó ní irú ọ̀rá yẹn wà nílẹ̀, pé omi kò lè gbà á kọjá láéláé, pé òun ni àwọn òyìnbó ń lò.

Mo bi í léèrè ìgbà tí yìnyín bọ́ ní Jẹ́dà kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Yà hajj, ohun tó bá lè gba yìnyín dúró, ṣé òjò ló máa wá ṣẹ́gun rẹ̀?"

Yà hajj. Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo arúgbó tó bá jọ àlejò nìyẹn, bí ẹni pé àná ni mo sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù pẹ̀lú àpò pàsípọ́ọ̀tù lọ́rùn. Wọn ò tíì bí i nígbà tí mo ti ń gba àárín àwọn ilé olókùúta òkun wọ̀nyẹn kọjá lọ ra ẹja lówùúrọ̀. Mo fi í sílẹ̀ láìdágbére.

Mo mọ ohun tí mo ń wá. Ẹni tó kan ọkọ̀ náà ló kọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. Inú yàrá kan náà la gbé ní yunifásítì láyé àtijọ́, òun ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, èmi ń kọ́ ti ẹ̀rọ. Ọmọ etí ọ̀sà ni, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, níbi tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ kíkàn jẹun. Nígbà tí iṣẹ́ gbé àwa méjèèjì wá sí Jẹ́dà, tó ti di dókítà tí àwọn aláìsàn ń tò dè, ó lọ ra pákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ nínú àgbàlá ilé tó háyà. Ọ̀sán Jímọ̀ọ̀ nìkan ló ń ṣe é, lẹ́yìn ìrun. Èmi ni mo máa ń di pákó mú. Nígbà yẹn, èèyàn lè wa mọ́tò dé etí òkun kó má rí ògiri kankan níwájú. A máa ń tu ọkọ̀ náà jáde láàárọ̀, a máa ń sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ títí oòrùn á fi lé wa padà, bóyá a rí ẹja pa tàbí a ò rí.

Tó bá ti ń kan igi, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í yé sọ: "Igi ò kú tán. Ó ṣì ń mí. Má ṣe dí i nímú."

Ó ti jáde láyé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé òkè òkun, pè mí ṣáájú ìgbà òtútù yẹn pé òun ń bọ̀ wá ṣe Úmúrà tí ojú ọjọ́ bá ti yá gágá, pé ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ní Jẹ́dà ni kí òun jókòó nínú ọkọ̀ bàbá òun lójú omi. Mo ṣèlérí fún un. Nítorí náà, tí ọkọ̀ yẹn bá bàjẹ́ níta, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?

Òjò Jẹ́dà kì í pọ̀, àmọ́ tó bá rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n da agbada omi dé ni. Kò ní pẹ́ tí oòrùn fi máa yọ lé e lórí, afẹ́fẹ́ òkun náà sì tutù bí tówẹ̀lì tí wọn ò fún. Ọkọ̀ pákó tí wọ́n bá fi ọ̀rá dí pa nínú irú ojú ọjọ́ yìí, ńṣe ló máa jinná bí ọ̀lẹ̀ nínú ewé. Aṣọ òwú nípọn ni mo fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àgọ́ Mínà nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe Hájì, tí òjò ò lè là á kọjá ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn ń rí ọ̀nà gbà. Èèyàn á gbé igi kan sí àárín ọkọ̀ kí aṣọ náà lè dà sí ọ̀tún àti òsì, á sì fi iwájú àti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Kò sí àràmàǹdà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìsọ̀ kan sí èkejì, ọ̀rá ni wọ́n ń nà sí mi. Ọ̀kan ní kí n kun ọkọ̀ náà lọ́dà kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Òmíràn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ní ọjọ́ orí mi yìí, kí ni mo tún ń fi ọkọ̀ ṣe, kí n tà á.

Pẹ̀lú ìbínú yìí ni èmi àti Àlàájà, ìyàwó mi, fi lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà. Ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní àdúgbò Misfalah la dé sí. Mẹ́kà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Bàbá wọn àgbà ló wá ṣe Hájì láti Ìlọrin tí kò padà mọ́. Yorùbá wọn já gaara, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ni wọ́n fi ń bínú.

Iṣẹ́ àna mi yìí ni dídi ẹrù fún àwọn Àlàájì. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ kò ní gbàgbé. Àlàájà kan láti ilé á kó búláńkẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, tùràrí, ẹní ìkírun àti ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà wá, ohun tí yóò kún yàrá. Àna mi á fún un pọ̀ di odidi ẹrù kan. Á fi páálí yí i ká, á fi ọ̀rá wé e léraléra títí kò fi ní sí ihò tí abẹ́rẹ́ lè gbà, á lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́ ọn, á wá fi okùn há a ní ìbú àti òòró. Wọ́n ní tí wọ́n bá ju ẹrù tó dì láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹrù náà á fò sókè bíi bọ́ọ̀lù ni. Àwọn èèyàn máa ń rìn kọjá níwájú àwọn ẹlòmíràn tó ń di ẹrù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nídìí oúnjẹ, mo ro ẹjọ́ àwọn olùtajà Al-Balad títí ìrẹsì fi tutù. Àna mi kàn bi mí bí ọkọ̀ náà ṣe gùn tó, àti bóyá ó ní igun tó lè ya nǹkan. Mo dáhùn láìfura. Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní Háráámù, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, títí mo fi kírun Ìṣáì. Kí n tó dé, ó ti gba kọ́kọ́rọ́ ọgbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó mi, ó ti lọ sí Jẹ́dà, ó ti padà dé. Muhandis ló ń pè mí, bí Lárúbáwá ṣe ń pe ẹnjiníà. Ó ní kí Muhandis lọ sùn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti parí.

Mo rò pé ó ti bá mi rí aṣọ òwú. Mo ṣàdúà fún un, èmi àti Àlàájà ṣe àmín. Àdúà yẹn ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí a padà sí Jẹ́dà, ikọ́ dá mi dùbúlẹ̀. Òjò rọ̀ débi pé àwọn mọ́tò ń wẹ̀ lójú títì. Lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn mú ganrín-ganrín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ara mi balẹ̀, nítorí mo gbà pé ọkọ̀ ti ní ìbora. Ìgbà tí mo lè dìde ni mo tó lọ wò ó.

Mi ò dá a mọ̀. Ẹrù ńlá kan ló wà níbi tí mo gbé ọkọ̀ sí. Páálí, ọ̀rá, tẹ́ẹ̀pù, okùn ní ìbú àti òòró. Wọ́n ti fi bírò ńlá kọ orúkọ mi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ẹrù ń lọ, wọ́n sì so àkísà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn nímú, bí wọ́n ṣe ń ṣe kí Àlàájì lè tètè dá ẹrù rẹ̀ mọ̀ láàárín ti ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà kí mi kú oríire. Ó ní òun ò tíì rí ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú báyẹn rí.

Mo yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe la ọ̀rá náà, ooru tú sí mi lójú bí ẹni ṣí ìkòkò lórí iná. Omi ń kán láti òkè inú ọ̀rá, páálí ti di ẹ̀kọ, inú ọkọ̀ funfun bíi búrẹ́dì tó ti bu. Mo ń fi àtàǹpàkò tẹ àwọn pákó náà níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n le. Nígbà tí mo dé ọ̀kan ní apá òsì nísàlẹ̀, àtàǹpàkò mi wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.

Mi ò mọ ohun tí mo sọ fún Àlàájà lórí fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò rẹ̀ máa fi dé láti Mẹ́kà, ìyàwó mi ti bá a wá sí ọgbà. Ó dúró sáàárín wa. Àna mi wo ọ̀rá tí mo gé sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ àna rẹ̀, mi ò bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé rí, nítorí pé ìdílé ìyàwó ni. Ọjọ́ yẹn, mo gbàgbé.

"Muhandis," ó ní, "láti ọjọ́ tí mo ti ń di ẹrù, kò sí ẹyọ kan tó tú rí ní pápákọ̀ òfurufú."

"Ta ló sọ fún ọ pé ọkọ̀ mi ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú?"

Ó sọ̀rọ̀ ní Lárúbáwá, ó sọ ọ́ kíákíá, ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni oore àti aláìmoore. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ pákó yẹn. Ó yọ ọwọ́, ó nù ún mọ́ aṣọ, ó tún padà tẹ ẹ́. Ó ní ṣé gbogbo rẹ̀ ti rí báyẹn ni. Mo ní ọ̀kan ni, àmọ́ ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i, igi ìdáná la ò bá kó fún ọmọ olóògbé.

Ìgbà yẹn ni Àlàájà kọjú sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí ni.

"Ẹ̀yin náà, Àlàájì. Aṣọ àgọ́ lẹ ń wá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀rá lẹ ń lọ. Ṣé ẹ ò rí gbogbo ìlú tó ń pàgọ́ sí aṣálẹ̀ ní ìgbà òtútù yìí ni?"

Èyí tún bí mi nínú ju ti ọ̀rá lọ, nítorí pé òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà òtútù ni àwọn onílẹ̀ máa ń kó ẹbí lọ sùn sí aṣálẹ̀, àwọn tó ń rán àgọ́ fún wọn sì pọ̀ lójú ọ̀nà tí mò ń gbà kọjá lọ sí ọgbà ọkọ̀. Òwú nípọn, funfun, bí èyí tí mo mọ̀ ní Mínà. Ọjọ́ kan náà la rà á.

Mo yọ pákó tó rà, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe kọ́ mi. A jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ inú ọkọ̀ dáadáa ká tó gbé igi sí àárín, tí a da aṣọ lé e. Àna mi ló bá mi so okùn. Ìyà jẹ ẹ́. Gbogbo ibi tí aṣọ bá ti ṣí díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ń lọ, ó fẹ́ fún un, ó fẹ́ há a. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù títí ó fi kó o sẹ́yìn. Ó ní ẹrù tí kò dì yìí máa kó ìtìjú bá òun tí ará Misfalah bá rí i. Òjò tún rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, gbígbẹ ló gbẹ.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi dé nígbà tí òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀. A gbé ọkọ̀ sínú omi. Omi díẹ̀ kọ́kọ́ ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tuntun, títí igi fi mu omi tó wú, ó sì dá. Láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un, ọmọ náà jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lẹ́yìn. Èmi ni mò ń tu ọkọ̀.

Àna mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti jókòó sí iwájú ọkọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ gbagidi. Ó ní, "Ọmọ mi, àwa la tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù." Mo la ẹnu. Àlàájà, tó jókòó tì mí, fi eékún gbún mi. Ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí pákó tuntun, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti ìyókù lọ, ó bi wá pé kí ló ṣe eléyìí.

"Oòrùn ni," àna mi wí.

Mo yí ọkọ̀ sí ibi tí ìgbì pọ̀ sí. Iwájú ọkọ̀ ló máa ń gba omi jù.