Awò Tí Mo Ní Mo Fẹ́ Fi Ka Bíbélì

Láàárín àwa ọdẹ Isuada, ojú kì í ṣàìsàn. Ìbọn ló máa ń ṣàìsàn. Bí ọdẹ ẹni àádọ́rin ọdún bá yìnbọn sí òkété, tí ọta sì lọ ba ewé kókò, ẹ̀tù ló tutù. Bí ẹ̀tù bá gbẹ, afẹ́fẹ́ ló fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló bá a jà láàárọ̀. Mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wa tó sọ pé ojú òun ló ń ṣe bàìbàì. Èmi gan-an ò sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kí kùkùté igi lójú ọ̀nà oko pé ẹ kú iṣẹ́.

Àṣà wa kan wà tí kì í jẹ́ kí irú irọ́ yìí pẹ́. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, a máa ń so akèrègbè kékeré kan rọ̀ sára igi mángòrò tó wà lẹ́yìn ìlú. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan á yìnbọn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò bá bà á rárá á gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ olórí ọdẹ, ìbọn náà á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí rẹ̀, òun á sì di ẹni tí ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wọ igbó. Wọ́n ní ipò ọlá ni ipò náà. Mi ò tíì rí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni dù ú.

Ìbọn tèmi, ṣakabùlà bàbá mi ni. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún bàbá mi nígbà tó fi í lé mi lọ́wọ́. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi, ìtàn tí gbogbo ìlú sì mọ̀ ni pé iwin kan ló gbá a lójú nínú igbó lọ́jọ́ tó pa ẹfọ̀n. Wọ́n fi ń kì í. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń di ojú ọ̀tún mi kí èmi náà lè jọ akọni. Bí mo bá pàdánù ìbọn yìí, àbúrò mi ọkùnrin ló kàn. Ọkọ̀ ló ń tún ṣe l'Ọ́wọ̀, ọ̀yà kan sì ti lé e rí títí dé ojú títì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dé orí ìbọn bàbá mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ẹyẹ nìkan ló gbọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta já okùn tí wọ́n fi so akèrègbè, ó já bọ́, ó fọ́. Ariwo ta. Ọ̀rẹ́ mi, tí oko rẹ̀ àti tèmi jọ pààlà, gbé mi sókè: "Okùn ló já! Ẹ wo ojú bí ojú àṣá!" Mo rọra ń mi orí bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Akèrègbè tí mo rí lọ́jọ́ náà, méjì ni. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni mo dojú ìbọn kọ.

Bí ìdánwò ọdún yìí ṣe ń sún mọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan l'Ọ́wọ̀ láti gba awò ojú. Dókítà ibẹ̀, obìnrin ará Àkókó kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ, bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ máa fi awò yìí wò jù?"

Ọdẹ wo ló máa sọ fún àlejò pé ojú òun ti lọ? Mo ní, "Bíbélì ni."

Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ìwé kan sí mi níwájú, ó ń pààrọ̀ gíláàsì lójú mi títí mo fi ka lẹ́tà tó kéré jù. Nígbà tí awò náà dé, mo mú un lọ sóko, mo gbé ìbọn sójú. Mo rí irun ọwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ìdọ̀tí abẹ́ èékánná mi. Ẹnu ìbọn wà nínú kùrukùru. Igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, mi ò lè fi Bíbélì náà búra pé igi ni.

Mo padà lọ bá a, mo ní awò rẹ̀ kò dáa. Ẹ wo ojú tí mo fi sọ ọ́! Kò bínú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún ló ń wò, níbi tí àmì ẹ̀tù dúdú wínníwínní pọ̀ sí.

"Bàbá, ṣé Bíbélì ló ta yín síbí?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.

"Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Mo jẹ́wọ́, mo ròyìn ìdánwò akèrègbè fún un. Ó lọ gbé ìgbálẹ̀ onígi gígùn wá, ó ní kí n dì í mú bí ìbọn. Ìyá arúgbó kan tó ń dúró de dókítà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Dókítà wọn ibi tí ìgbálẹ̀ pin sí ojú mi. Ó ní ojú ẹni ọjọ́ orí mi kò lè mú ohun tó sún mọ́ àti ohun tó jìnnà pọ̀ mọ́, kí n yan ọ̀kan.

"Ẹnu ìbọn ni kẹ́ ẹ mú. Bí akèrègbè bá ṣe bàìbàì, akèrègbè náà ni, kò lọ síbì kan. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ìbọn bá yẹ̀ díẹ̀, ibi tó wu ọta ló máa lọ."

Ó ní awò náà kò ní jẹ́ gíláàsì, torí pé àfọ́kù gíláàsì lè wọnú ojú. Irú rọ́bà líle tí kì í fọ́ ni òun máa lò, ó máa fẹ̀, ó sì máa ní ìbòjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo ní kò pọn dandan, ìbọn mi kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ó tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo yọ awò náà lápò. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Jórinjórin ti dé o! Ulé ta lo fẹ́ lọ so géètì sí?" Àwọn kan ní màgòmágó ni. Olórí ọdẹ, tí wọ́n fà lọ́wọ́ wá síbẹ̀ nítorí pé ìbọn rẹ̀ ń ṣàìsàn, ní kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀.

Mo dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí kókó irin kékeré tó wà lórí ẹnu ìbọn bàbá mi kẹ́yìn. Ó hàn ketekete. Akèrègbè kan ṣoṣo ló wà lára igi, ó ń ṣe bàìbàì, kò sì lọ síbì kan. Mo yìn ín.

Iná kò gba ẹnu ìbọn jáde. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà, níbi tí ẹ̀tù ti ń gbaná, ó sì ta sí mi lójú pẹ̀lú irin wẹ́wẹ́. Mo ṣubú. Nígbà tí mo bọ́ awò, ojú mi méjèèjì ń ríran. Wọ́n ti ń pariwo pé ìbọn ló ń ṣàìsàn. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ wa, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ òótọ́.

Olórí ọdẹ ní, "Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì. Gba ùbọn mi." Mo nu awò náà, mo yìn ín. Akèrègbè fọ́ yángá, okùn sì wà lórí igi. Báyìí ni ìbọn bàbá mi ṣe kù sí mi lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ kan kó ọdẹ méje lọ s'Ọ́wọ̀. Gbogbo wọn ló sọ fún dókítà pé Bíbélì ni àwọn fẹ́ máa kà, títí kan ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ Mùsùlùmí. Mo gbọ́ pé dókítà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó kàn lọ gbé ìgbálẹ̀ wá.

Èmi ò bá wọn lọ. Mo jókòó sílé, mo gbé ìbọn tí mo jà fún lé itan. Ìyàwó mi ti fi ọṣẹ fọ awò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ wò ó, àmì yìí ò lọ." Mo gbà á, mo gbé e wọ̀, mo dúró níwájú dígí. Ibi jíjóná dúdú kan wà láàárín gbùngbùn ojú ọ̀tún, ibi tí ojú bàbá mi ti fọ́ gẹ́lẹ́.

Kò sí iwin kankan. Ìbọn kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ kan náà. A kó oríkì lé ọkùnrin kan lórí títí ó fi kú, ẹnì kan ò sì bi í pé kí ló ṣe ọ́. Mo bínú sí gbogbo ìlú, mo bínú sí ara mi tí mo ń di ojú kan ṣeré. Mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi l'Ọ́wọ̀. Ó ní ṣé mo gbé e wá fún òun ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó gbé e kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kí jórinjórin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ kọ́kọ́ dí ẹnu ìbọn náà pa. Jórinjórin de gọ́gù, awò dúdú iṣẹ́ rẹ̀, mọ́jú. Kó tó tan iná, ó na òmíràn sí mi. Mi ò jiyàn. Mo gbà á, mo dè é lé ojú mi méjèèjì.