Bàbá Tí A Yá Lọ sí Ọ́fíìsì SG

Fáànù àjà tó ti gbó, tó ń yí tó sì ń kérora, ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń padà sí mi létí tí mo bá ronú nípa ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní ilé ìwé girama ní Douala, ní Kamẹrúùnù. Kíláàsì Terminale ni a wà. Ìdánwò bac ló wà níwájú wa: ẹni tó bá yege á lọ sí yunifásítì, ẹni tí kò bá yege, ohun tí ilé bá ní kó ṣe ni yóò ṣe. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá. Bóyá ó tilẹ̀ bà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo rántí jù.

N kò lè sọ pé èmi ni mo ń pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa ń dákẹ́. Tí àwọn yòókù bá ní olùkọ́ ìṣirò ti fẹ́ ìyàwó kejì, èmi ni mo máa ń béèrè ẹni tó rí ìyàwó náà, ibi tó ti rí i, àti bó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àbúrò olùkọ́, títí ọ̀rọ̀ yóò fi tutù bí ẹ̀kọ àná. Wọ́n sọ mí ní Madame le Juge, ìyẹn ìyá adájọ́. Mo rò nígbà náà pé ìyìn ni.

Ẹni tó jókòó tì mí ni aláwàdà kíláàsì. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, àdúgbò New Bell ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ṣùgbọ́n Yorùbá tirẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀", "mo ti jẹun" àti èébú mélòó kan lọ. Tí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá pè é, Faransé ni yóò fi jẹ́. Tiwa yàtọ̀, nítorí ìyá ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò sì gbọ́ èdè mìíràn, tàbí kó jẹ́ pé ó gbọ́ ọ ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a ṣe ìdánwò ìgbaradì bac, aláwàdà wa dìde lọ́jọ́ kan níwájú kíláàsì. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó na ikùn síwájú, ó wá ń rìn bí ọ̀gá tó ń rí sí ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo ilé ìwé ń pè ní SG. Ó fi ohùn ọ̀gá náà sọ pé: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ̀yin lẹ máa pa mí!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lójijì àwọn tó wà níwájú dákẹ́. Òun rò pé àwàdà náà ni kò dùn tó mọ́, ló bá tún na ikùn sí i. SG ti dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó jọ mí," ni SG wí, "àmọ́ ikùn tèmi tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ mú bàbá rẹ wá. Tí n kò bá rí i, o kò ní wọ yàrá ìdánwò."

Ẹ̀rín tán. Bàbá rẹ̀ ń tún ara ọkọ̀ tó tẹ̀ ṣe ní Ndokoti. Kò pẹ́ tí ọdún ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ tó ti sọ létí gbogbo ilé pé bí ilé ìwé bá tún pe òun nítorí àwàdà, òòlù ni ọmọ náà yóò gbé lọ́jọ́ kejì, ìwé ti parí nìyẹn. Bàbá náà kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwàdà. A kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ti rí àwàdà tirẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n ní kó yá bàbá. Ó sì rí ẹnì kan yá: aránṣọ kan ní òpópónà wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tí SG kò mọ̀ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ ti dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: aránṣọ kò gbọ́ Faransé, aláwàdà kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n bá kọjú sí mi.

Mo ní màá bá wọn túmọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ni màá tú, n kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ nínú rẹ̀.

"Madame le Juge, ta ló ní kó o purọ́?" ni aláwàdà wí. "Bàbá ló máa purọ́. Ìwọ á kàn gbé e kọjá."

Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò látòkè délẹ̀, mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu. Mo ṣì jẹ́ ọmọdé tó gbàgbọ́ pé ẹni tó bá ti fara balẹ̀ rò ó kò lè ṣìnà.

Nígbà tí a sọ fún aránṣọ, ìbéèrè kan ló bi mí. "Àbúrò, ṣé wọ́n fẹ́ lé e ni?" Mo ní ó lè já sí bẹ́ẹ̀. "Ó dáa. Màá wá bá yín bẹ̀ wọ́n."

Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó lọ̀ gidi, ó dé fìlà. Ó bá wa wọ ọ́fíìsì, ó rí orí SG tó funfun, kí n tó la ẹnu, ó ti ṣí fìlà, ó sì ti nà gbalaja sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan símẹ́ńtì.

SG fò dìde. "Ó ṣubú ni?"

"Rárá, Monsieur. Ó ń kí yín ni."

"Bonjour, Monsieur," ni SG sọ fún ilẹ̀.

Aránṣọ kò dìde. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ láti bẹ àgbà kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. SG kò mọ̀. Èmi mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti búra pé ohun tí wọ́n bá sọ nìkan ni màá tú, kò sì sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Mo dúró. SG jókòó, tábìlì sì bo àlejò rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó dìde, ó yí tábìlì ká, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Níkẹyìn, ó lóṣòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó sì tẹ́tí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni aránṣọ wí láti ilẹ̀, "ẹ fi ọmọ yìí jì wá. Ọmọdé ń ṣe bí ọmọdé ni. Ẹ má wo tirẹ̀, ẹ wo ti àwọn tó bí i. Òógùn ojú wọn ló fi ń kàwé."

Mo tú u. Aláwàdà, tí kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ń mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá.

SG nu ojú. "N kò rí irú èyí rí. Àwọn bàbá tó ń wá síbí, àwọn kan á gbá ọmọ létí kí n tó sọ̀rọ̀, àwọn kan á fẹ́ gbá èmi létí. Bi í: ṣé òun gan-an ni bàbá ọmọ yìí?"

Mo bi í. Aránṣọ gbé orí sókè, ó wo ewú orí SG, ó tún wo ọmọ náà.

"Àbúrò, sọ fún wọn pé èmi kọ́. Aránṣọ àdúgbò wọn ni mí. Ẹ ní kí n wá ṣe bàbá, mo sì rò pé màá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti fi àyà lélẹ̀ fún àgbà. N kò lè wà nílẹ̀ níbí kí n tún máa purọ́ fún wọn. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀, òun kì í ṣe irọ́. Bá mi sọ bẹ́ẹ̀."

Aláwàdà ṣì ń mi orí, ó tilẹ̀ fi Yorùbá tó ní kún un: "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi." Nínú èèyàn mẹ́rin tó wà ní yàrá náà, èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè méjèèjì. Mo lè sọ pé, "Ó ní òun ni," kí ọ̀rẹ́ mi wọ yàrá ìdánwò. Mo lè sọ ohun tó sọ, kó lọ gbé òòlù. Mo wo bàtà mi.

"Kí ló wí?" ni SG bi mí.

Mo tú u, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, ohùn mi sì ń gbọ̀n. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀bẹ̀ tí kì í ṣe irọ́, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni aránṣọ sọ ọ́.

Orí aláwàdà dúró láàárín ọ̀nà. "Madame le Juge," ni ó rọra wí, "o ti pa mí."

Ikùn SG bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ẹ̀rín tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rín in títí ó fi gbá tábìlì mú. Ó wá bi mí bí wọ́n ṣe ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde. Mo ní kó sọ pé "dìde". Ó sọ ọ́ bó ṣe lè sọ ọ́, aránṣọ dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀.

"Ìwọ," ni SG sọ fún aláwàdà, "lọ ṣe ìdánwò rẹ. Tó bá parí, ìwọ ni yóò máa gbá iwájú ọ́fíìsì yìí títí ilé ìwé yóò fi padé. N kò ní pe bàbá rẹ. Tí o bá tún fi ikùn sín mí jẹ, ẹni yìí ni màá ránṣẹ́ sí. Ẹni tó lè nà sílẹ̀ báyìí nítorí ọmọ ọlọ́mọ, kí o wá wò ó bóyá ojú kò ní tì ọ́ láti mú un padà wá."

Ojú tì í. Kò fi SG ṣeré mọ́. Èmi ló wá ń fi ṣeré: kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń dúró lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo bàtà rẹ̀, ó ń fi ohùn tó ń gbọ̀n túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó jọ mí.

Ó yege nínú bac. N kò lè sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì ló fà á. Ó kàwé, òòlù Ndokoti sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé ó wọ yàrá ìdánwò. Lónìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, bàbá rẹ̀ sì ń fi í yangàn fún àwọn oníbàárà. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń bá a wò ó. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkómọjáde lásán ni. Mo ti wá rí ọ̀kan nínú igba náà, kò sì tíì ní ọmọ tirẹ̀ nígbà yẹn.

Lẹ́yìn tí mo parí yunifásítì, mo lọ kí aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Faransé rẹ̀ ti dán mọ́rán báyìí. Mo ní mo wá dúpẹ́, pé ó ti pẹ́ jù, pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ba ète ẹni jẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọpẹ́ kí ni, àbúrò? Ẹ̀rù bà mí, mo sọ òtítọ́, ó parí. Ìwọ lo tú u. Ká ní o sọ nǹkan mìíràn fún wọn lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá mọ̀?"

Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ SG àti lọ́wọ́ aránṣọ, tí mo ka ara mi sí ẹnu lásán tí ọ̀rọ̀ gbà kọjá. Mo jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ di ìgbà tí oòrùn rọlẹ̀. Kí n tó dìde, mo dúpẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó wo bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Díẹ̀ náà ni, kó má baà gbéra ga.